Ewédú inú fírísà: bí a ṣe ń sè é kó fà

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ewédú oníyìnyín tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní molokhia, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń sè é? Tó bá hó tán, ewé á rì sísàlẹ̀, omi á dá dúró lókè, kò ní fà mọ́.

Ìyá Alásè, Houston: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Iná ló pọ̀ jù. Fún páálí giramu 400, ife omi kan ti tó. Ẹ da ṣíbí irú kan sínú omi náà, kó hó dáadáa, kí ẹ tó ju odidi yìnyín yẹn sí i. Ẹ dín iná kù, ẹ má dé e, ẹ máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yìnyín á fi yọ́ tán. Tí ẹ bá ti rí i tó ń ru létí ìkòkò, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Híhó kíkankíkan ló ń mú ewé rì. Ẹ má wulẹ̀ wá ìjábẹ̀, wọ́n ti gé e kúnná.

Bọ̀dá Peckham: Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kò pọn dandan kí ẹ fi kánún sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì (baking soda) rọ́pò rẹ̀, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì kò gbọdọ̀ kọjá. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, á máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu, á sì ba fítámì C inú ewé jẹ́. Ẹ má ra gbígbẹ inú ọ̀rá fún ewédú. Kì í fà bíi ti yìnyín.

Àǹtí Toronto: Ẹni tó ń wá tẹ̀tẹ̀ náà, kó wo ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Jàmáíkà: callaloo inú agolo, tẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ da omi iyọ̀ rẹ̀ nù, ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ fún un gbẹ, kí ẹ tó dà á sínú ata tó ti dín tán. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Trinidad, ewé kókò ni wọ́n sábà ń pè ní callaloo. Ewé yẹn fẹ̀ gan-an. Tí kò bá jinná dénú, á máa yún yín lọ́fun. Ẹ wo ewé, ẹ má wo orúkọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá àgbà tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ńkọ́, ṣé ó lè jẹ ẹ́?

Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Wọ́n lè jẹ ẹ́, mà, àmọ́ kí ìwọ̀n tí wọ́n ń jẹ lọ́sẹ̀ má máa yí padà. Fítámì K pọ̀ nínú ẹ̀fọ́, ó sì ń dín agbára oògùn yẹn kù. Ohun tó léwu ni kéèyàn má fojú kan ẹ̀fọ́ fún oṣù kan, kó wá jẹ àwo ńlá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, torí oògùn lè wá lágbára jù, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Kí wọ́n sọ fún àwọn tó ń yẹ INR wọn wò, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì sí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.