Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́, kí lojú yín rí?

Wọlé_Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mazda MX-5 ọdún 2001 ni mò ń wà níbí. Mo gbé e lọ fún MOT (àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba ń ṣe fún mọ́tò níbí), wọ́n ní kò yege: páàdì ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kò tó mílímítà 1.5 mọ́, hándì-bíréèkì náà kò sì di mọ́tò mú dáadáa. Gáréèjì ní kí n wá owó kálípà (ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) tuntun méjèèjì. Owó ọ̀hún fẹ́ẹ̀ tó iye tí mo fi ra mọ́tò. Mo ní sípánà, mo ní jáàkì pẹ̀lú sítáǹdì, Sátidé mi sì ṣófo. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ sọ bó ṣe lọ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n_Bámi
Má tíì ra kálípà kankan. Àwọn tó ń tún kálípà ẹ̀yìn MX-5 ṣe ló ń bà á jẹ́ jù. Ti iwájú, bí ẹ bá ti tú u, ẹ lè fi kíláǹpù ti písítìnì (irin róbótó inú kálípà tó ń ti páàdì) wọlé kí páàdì tuntun lè ráyè. Ti ẹ̀yìn kò gba bẹ́ẹ̀, torí inú kálípà yẹn ni irin hándì-bíréèkì wà, ó so mọ́ písítìnì. Mo dúró ti ọ̀gbẹ́ni kan ní gáréèjì kan ní Birmingham, ó gbé kíláǹpù lé tèmi (1.8, ọdún 1996), ó ń fún un, iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ. Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Wo ẹ̀yìn kálípà yẹn, wàá rí bóòtì kan tó gba sípánà 14. Kò di nǹkan kan mú, ìdérí lásán ni. Tú u, ki kọ́kọ́rọ́ Allen 4 (irin onígun mẹ́fà) bọ inú ihò rẹ̀, kí o máa yí i sí òsì. Písítìnì á máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí páàdì tuntun bá ti jókòó, yí i sí ọ̀tún títí páàdì á fi kan dísìkì, kí o wá dá a padà ní ìdá kan nínú mẹ́ta òbírí. Ìgbà yẹn lo tó lè fọwọ́ kan wáyà hándì-bíréèkì. Àwọn tó bá kọ́kọ́ sáré fa wáyà ló máa ń pariwo pé kálípà ti kú.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀
Bíréèkì ni o, kì í ṣe rédíò. Gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n_Bámi
Màmá, ẹni tí wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n náà ló gbé kíláǹpù lé tèmi.

Àdìsá_Mánchẹ́
Bóòtì 14 yẹn! Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Fọ́n ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí i lálẹ́, tún fọ́n ọn láàárọ̀ kí o tó fi sípánà kàn án. Tí orí rẹ̀ bá lọ fi yí, wàhálà mìíràn nìyẹn.

Láńre_Ládìpọ̀
Ti Honda yàtọ̀ díẹ̀. Prelude ọdún 1993 ni mo ní l'Ékòó. Kò sí bóòtì ìdérí níbẹ̀, ojú písítìnì gan-an lẹ máa yí, ó ní ilà bí àgbélébùú. Ọ̀tún lẹ máa yí i sí kó tó wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni ìkó kékeré tó wà lẹ́yìn páàdì. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ilà písítìnì yẹn. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, páàdì á dagun, ẹ̀gbẹ́ kan á máa jẹ ju èkejì lọ.

Akin_Akin
Ẹ̀gbọ́n Láńre, Prelude l'Ékòó? Gálọ́ọ̀pù wo ló ń gbà kọjá?

Láńre_Ládìpọ̀
Àárọ̀ Sunday ni mo máa ń gbé e jáde, Third Mainland, kí ọ̀nà tó dí. Ọ̀rọ̀ bíréèkì là ń sọ, àbúrò.

Dàpọ̀_Houston
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní BMW kó má yí nǹkan kan o. E36 ni tèmi, 328i ọdún 1997. Ẹ̀ ń ti písítìnì ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé tààrà ni, torí hándì-bíréèkì kò sí nínú kálípà. Ṣúù kéékèèké ni wọ́n ki sínú dísìkì ẹ̀yìn, bíi ti mọ́tò onídúrọ́ọ̀mù. Bí dísìkì bá kọ̀ tí kò fẹ́ bọ́, ṣúù yẹn ló há a. Ẹ gba inú ihò bóòtì táyà, kí ẹ fi súkúdíráfà yí róòlì eléyín kékeré inú rẹ̀ títí ṣúù á fi sún kúrò. Mo bá ẹnì kan tó ń fi òòlù lu tèmi, ọkàn mi fò. Wáyà sẹ́ńsọ̀ sì wà lára páàdì ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ra tuntun mọ́ ọn.

Wọlé_Leeds
Ṣé kò sí ìlànà kan tó kárí gbogbo wọn ni?

Fúnkẹ́_Coventry
Kò sí o, àbúrò. Mọ́tò àtijọ́ nìkan la ń tún ṣe níbi iṣẹ́ mi, mo sì ti rí oríṣiríṣi. Jaguar E-Type, tó jáde ní 1961, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rárá. Àárín abẹ́ mọ́tò ló wà, ó fara ti dífù (àpótí gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì fún táyà ẹ̀yìn) lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ro ó dáadáa kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀: bí ẹrù bíréèkì kò bá sí lára táyà, ó máa ń yá táyà lára láti tẹ̀lé ojú títì. Àmọ́ ẹni tó máa pààrọ̀ dísìkì rẹ̀ á gbọ́n. Dífù, kálípà, sípíríǹgì, inú férémù irin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, lọ́pọ̀ ìgbà a sì máa ń sọ férémù náà kalẹ̀ pátá kí ọwọ́ tó débẹ̀. Bí síìlì dífù bá ń jò, ọ́ìlì gíà á ta sára páàdì. Páàdì tó bá ti mu ọ́ìlì, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sun ún níná, ẹ jù ú nù.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku bíréèkì mọ́tò àtijọ́. Asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú ọ̀pọ̀ páàdì àti ṣúù ìgbà yẹn, ọdún 1999 ni Britain tó fòfin dè é tán. Ẹ fi omi ìnu bíréèkì rin ín kí ẹ tó nù ún.

Akin_Akin
Àǹtí, ọwọ́ ara yín lẹ fi sọ férémù E-Type kalẹ̀?

Fúnkẹ́_Coventry
Èmi àti ọmọṣẹ́ kan, pẹ̀lú jáàkì tó yẹ. A tún ń sọ òmíràn kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láńre_Ládìpọ̀
Akin, bóòtì kì í béèrè ẹni tó mú sípánà dání.

Àdìsá_Mánchẹ́
😂😂 Akin ti gba tirẹ̀.

Bàbá_Máapó
Ẹ̀ ń sọ ti òkè òkun. Mo rí onítakisí Micra kan n'Íbàdàn tó da omi ọṣẹ sínú ike ọ́ìlì bíréèkì. Ó ní pẹ́dàlì ṣì ń gbé e, pé owó rẹ̀ ló kàn dín.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀
Jésù! Pẹ̀lú èèyàn nínú mọ́tò?

Fúnkẹ́_Coventry
Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un tí ẹ bá tún rí i. Omi ń hó ní 100 Celsius. DOT 4 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun kì í hó títí á fi tó 230 ó kéré tán, èyí tó sì ti fa omi mu, ó yẹ kó ṣì dé 155. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Máapó, tí bíréèkì gbóná, tí omi yẹn hó, ooru ni pẹ́dàlì á máa tẹ̀. Ó máa lọ sílẹ̀ gbọlọjọ, mọ́tò ò ní dúró.

Dàpọ̀_Houston
Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí èèyàn lo DOT 5, kì í fa omi.

Fúnkẹ́_Coventry
Rárá o, Dàpọ̀. Sílíkóònù ni DOT 5, kò bá DOT 3 tàbí DOT 4 pò. Omi tó bá sì wọ inú rẹ̀, kò ní tú ká, ìsàlẹ̀ ló máa lọ kóra jọ sí. DOT 5.1 lo lè dà lé DOT 4. Ó dà bíi pé nọ́ńbà wọn ló ń da gbogbo èèyàn lójú rú.

Dàpọ̀_Houston
Mo ti gbọ́. Àmọ́ mo mọ àwọn onímọ́tò àtijọ́ tó ń lo DOT 5 torí kì í bó ọ̀dà.

Fúnkẹ́_Coventry
Bí wọ́n bá fọ gbogbo páìpù tí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà kí wọ́n tó dà á, èmi ò bá wọn jà.

Láńre_Ládìpọ̀
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí páàdì. Páàdì tòkunbọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó nípọn dáadáa sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Mo ti rí tuntun tó ya kúrò lára irin rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Bámi
Mi ò gbà. O ò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ti ta sí i níbi tó ti wá, o ò mọ bó ṣe gbóná tó. Tuntun tó dáa wà, kí èèyàn kàn wá a.

Láńre_Ládìpọ̀
Wá a l'Ékòó fún Prelude, kí o padà wá sọ fún mi.

Wọlé_Leeds
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti tú u. Bóòtì ìdérí gbà, kọ́kọ́rọ́ 4 ṣiṣẹ́, písítìnì wọlé bí Ẹ̀gbọ́n Bámi ṣe wí. Kálípà kò ṣe nǹkan kan! Píìnì tí kálípà ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ ló ti gan. Páàdì inú ti jẹ dé irin, ti ìta ṣì nípọn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpẹtà rẹ̀, mo fi gíríìsì sílíkóònù pa á, ó ti ń lọ ó ń bọ̀. Mo pààrọ̀ dísìkì àti páàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kílíìkì mélòó ló yẹ kí hándì-bíréèkì dún?

Ẹ̀gbọ́n_Bámi
Márùn-ún sí méje. O ṣeun tí o kò fi gíríìsì lásán pa á, ńṣe ló ń mú rọ́bà wú.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀
Ọmọ mi, tẹ pẹ́dàlì léraléra títí á fi le kí o tó sún mọ́tò kúrò níbẹ̀ o.

Wọlé_Leeds
Mo ti tẹ̀ ẹ́, màmá. Ó le. Ẹ ṣé gan-an.

Akin_Akin
Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí kálípà ẹ̀yìn Celica ọdún 1994?

Láńre_Ládìpọ̀
Wá sí ọjà Ládìpọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Gbé èyí tó bàjẹ́ dání, ká fi wé e kí o tó sanwó.