Alágbàṣe oko ni àwọn baba ọkọ mi: ìrírí mi nínú títọpasẹ̀ ìdílé tálákà ní Bedfordshire

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìtàn tí àwọn tó ṣáájú mi kọ síbí nípa bí wọ́n ṣe tọpasẹ̀ ìdílé wọn, ó sì wú mi lórí, àmọ́ ìdílé tó ní ilẹ̀ tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ yín wá kàn. Tèmi yàtọ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ mi. Abúlé kan láàárín Ampthill àti Luton, ní agbègbè Bedfordshire ní England, ni àwọn baba rẹ̀ ti ṣẹ̀, alágbàṣe lóko olóko sì ni wọ́n láyé Ọbabìnrin Victoria. Wọn ò ní ilẹ̀, wọn ò ṣe ìwé ìhágún, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀wé; àmì X ni wọ́n fi buwọ́ lùwé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ọmọ mi lè ki oríkì ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú, mo wá fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan sọ nípa ilé bàbá tiwọn náà.

Ibi tó rọrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní July 1, 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales. Ìwé ìkànìyàn náà wà, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ti 1841 ló kọ́kọ́ to orúkọ gbogbo ará ilé, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ọjọ́ orí inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 15, ṣe ni wọ́n ní kí wọ́n gé ọjọ́ orí rẹ̀ wálẹ̀ sí márùn-ún-márùn-ún, tí ẹni ọdún 39 fi ń di 35. Ti 1851 ló wúlò jù fún irú ìdílé tiwa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ abúlé tí wọ́n bí kálukú sí àti ohun tó jẹ́ sí baálé ilé. “Ag Lab” tí ẹ ó máa rí lójú ewé, alágbàṣe oko ni o. Ó máa ń kún ojú ewé láti òkè délẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ mú mi dúró. Ìyá, ọmọbìnrin, ìyá àgbà, gbogbo wọn ń hun pòròpórò wíìtì ni. Luton àti Dunstable ni wọ́n ti ń rán èyí tí wọ́n bá hun di akẹtẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Luton ní Hatters, ìyẹn àwọn tó ń ṣe akẹtẹ̀, títí dòní. Mo rí ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n kọ iṣẹ́ yìí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kó àwọn ọmọdé sí láti máa hun ún, ẹnu ni àwọn ọmọ náà sì fi ń tẹ pòròpórò lómi kó lè rọ̀, ètè wọn a sì máa gé. Ọdún 1867 ni òfin dé tó ní ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́jọ kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni: lọ́dún tí ọjà bá yá, owó tí ìyá àti ọmọ méjì-mẹ́ta ń mú wọlé lè ju ti bàbá tó ń túlẹ̀ lọ. Láti bí ọdún 1870 lọ ni èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n láti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, ti Jàpáàn tẹ̀ lé e, iṣẹ́ náà sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun kan tún ń da orí èèyàn rú: orúkọ wọn kéré. William, John, Mary, Sarah, a tún pa dà sí William. Bí ọmọ bá kú, wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ gan-an sọ èyí tí wọ́n bí tẹ̀ lé e. Àwa a máa sọ Kòkúmọ́ àti Málọmọ́, a máa ń bẹ ọmọ kó dúró. Àwọn, orúkọ òkú ni wọ́n ń gbé wọ alààyè. Nítorí náà ẹ wá àkọsílẹ̀ ìsìnkú kí ẹ tó gbà pé ẹ ti rí ẹni tí ẹ ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi ọ̀rọ̀. Bàbá bàbá bàbá ọkọ mi, ọdún 1869 ni wọ́n bí wọn. Ní ìwé ìkànìyàn 1881, ọmọ ni wọ́n kọ pé wọ́n jẹ́ fún baálé ilé kan àti ìyàwó rẹ̀. Mo ṣírò ọjọ́ orí ìyàwó yẹn: á ti tó ọdún 49 nígbà tó bí wọn. Ara fu mí. Mo ra ìwé ẹ̀rí ìbí náà. Ọmọbìnrin tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ilé yẹn bí ẹ̀gbọ́n gan-an ni ìyá wọn, ẹni ogún ọdún, ahun-pòròpórò. Níbi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà, òfìfo ni.

Ẹ̀yin ará, ẹ ronú sí i. Orúkọ ìdílé tí ọkọ mi ń jẹ́, tí èmi ń jẹ́, tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ mi níléèwé, ọwọ́ ọmọbìnrin ogún ọdún tí kò lọ́kọ ló ti wá.

Mo gba ilé àkójọ ìwé ìjọba ìbílẹ̀ lọ ní Bedford. Ọdún 1913 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní England. Mo ti kà pé òfin 1844 fún ìyá tí kò lọ́kọ láṣẹ láti pe bàbá ọmọ lẹ́jọ́ kó máa san owó ìtọ́jú, ṣílè méjì àti sísì lọ́sẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́ òkè téńté rẹ̀. Ẹ̀rí ẹnu ìyá nìkan kò tó, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Mo yẹ ìwé ẹjọ́ àwọn adájọ́ àdúgbò wò, mo sì rí i: orúkọ ọmọbìnrin yẹn, àti orúkọ olùṣọ́-àgùntàn kan láti abúlé kejì. Obìnrin aládùúgbò kan ló jẹ́rìí. Wọ́n dá ọmọbìnrin náà láre.

Mo sunkún nínú yàrá ìkàwé yẹn. Ogún ọdún, kò mọ̀wé, ó dúró níwájú àwọn onílẹ̀ tó jẹ́ adájọ́, ó ní, “Ẹni tó fún mi lóyún rèé.” Nínú gbogbo ìwé tó dárúkọ rẹ̀, èyí nìkan ló gbé ohun tó fẹnu ara rẹ̀ béèrè. Ìgbà tó ń hun pòròpórò, tó ń tọ́mọ, tó ń ṣe dáadáa, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan ju ìlà kan lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá tálákà ayé ìgbà yẹn: ibi tí ìyà ti jẹ wọ́n ni kí ẹ lọ. Ìwé ẹjọ́, ìwé ẹ̀wọ̀n, ìwé workhouse, ìyẹn ilé tí wọ́n ń gba àwọn tálákà tí kò ní ìrànlọ́wọ́ sí. Àwọn tó ń kà wọ́n, tó ń jẹ wọ́n níyà, ló kọ wọ́n sílẹ̀.

Bàbá ọkọ mi ṣì wà láyé, wọ́n sì mọ bàbá àgbà wọn yìí lójú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ọkọ mi ló sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Bàbá àgbà kì í jẹ́ ká bú àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò lọ́kọ ládùúgbò. A ò mọ ìdí rẹ̀.”

Èsì láti ọ̀dọ̀ ará kan ní Norfolk:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Òótọ́ lẹ sọ. Bàbá kan tí mò ń tọ́jú níbí ní kí n bá òun wá ìyá ìyá òun àgbà. Inú ìwé ìgbàwọlé workhouse Gressenhall la ti rí wọn, ilé ńlá kan lẹ́bàá Dereham tó ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Lábẹ́ òfin 1834 lórí ọ̀rọ̀ àwọn tálákà, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọmọdé lọ́tọ̀, tọkọtaya kì í sùn pọ̀. Ìgbà òtútù tí kò sí iṣẹ́ lóko ni ìyá yẹn ń kó àwọn ọmọ wọlé, bí oko bá ti ṣí wọ́n á jáde. Wọ́n fi hàn wá ní mùsíọ́ọ̀mù pé ìgbà kan wà tí wọ́n ní kí àwọn ìyá tí kò lọ́kọ máa wọ jákẹ́ẹ̀tì tó yàtọ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ wọ́n. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ ìwé yẹn kan náà ló dárúkọ abúlé tí ìyá náà ti wá, èyí tí a ti ń wá káàkiri.

Èsì míràn:

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí kò lówó má bẹ̀rù. Àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé wà: ọ̀fẹ́ ni FreeBMD, ọ̀fẹ́ ni FamilySearch, ọ̀pọ̀ láíbìrì ìlú sì ń jẹ́ kí èèyàn lo Ancestry, tó jẹ́ olówó, láìsan kọ́bọ̀. Àtòjọ ìbí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì General Register Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, ń fi orúkọ ilé bàbá ìyá ọmọ hàn láti 1837. Ẹ wò ó kí ẹ tó ra ìwé kankan. Bí ẹ bá rí àlàfo níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ irú ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ yìí. Ẹ má sì gbàgbé ìwé ìròyìn àtijọ́: ọkùnrin tó bá pa ehoro lóko olówó lóru, wọ́n á gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

Ẹ ṣeun, àbúrò. Olùṣọ́-àgùntàn náà ni mò ń wá báyìí. Mo ti rí ìrìbọmi rẹ̀, mo sì rí i pé ó gbéyàwó lẹ́yìn náà ní Hertfordshire, ó sì bímọ. Bàbá ọkọ mi ní kí n bá wọn wádìí bóyá àwọn ọmọ yẹn ní ìran tó ṣì wà láyé, torí ẹ̀jẹ̀ wọn ni.