Re: "Ìṣípótí": ta ló gbé "à" inú àpótí lọ?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún Boxing Day, ọjọ́ kejì Kérésì, mo sì ti pinnu pé n kò ní dá sí i. Àmọ́ nígbà tí Àǹtí wa tó ń kọ̀wé láti Èbúté-Mẹ́ta ní "Ìṣípótí" ni ká máa pe Boxing Day láti ọdún yìí lọ, tí èèyàn mẹ́rin sì kí wọn kú iṣẹ́ ọpọlọ, ara mi ò gbà á mọ́. Wọ́n ní "ìṣí" àti "àpótí" làwọn so pọ̀, torí àpótí àánú inú ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Òyìnbó máa ń ṣí lọ́jọ́ kejì Kérésì. Ó dáa. "À" dà?

Àǹtí, ẹ má bínú sí mi, ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ṣí àpótí: ṣápòótí. "Í" ló ń lọ, "à" ló ń dúró. Ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ gan-an ò kú, ṣe ló sá wọ inú "pó" tó sọ ọ́ di "pòó". Ìyá tó ń ta ẹja ní Òyìngbò, tí kò fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí, ò ní ṣì í pè láé. Tó bá ń kánjú, "gbápòótí wá" ló máa wí fọ́mọ rẹ̀, kò jẹ́ wí pé "gbépótí". Tó bá wá di dandan ká ṣí nǹkan, "Ìṣápòótí" ni, ó parí.

Ìdajì wa kì í sì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ kọ "Isipoti" ránṣẹ́ sí ayálégbé kan ní Múṣin ní ìparí oṣù Kejìlá, kẹ́ ẹ wò ó. "Ìṣípò" ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá, àyà rẹ̀ á já, á ní lánlọ́ọ̀dù ti fún òun ní kúìtì.

Àpótí tí màmá àgbà mi sì mọ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí dín àkàrà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Pópó Àgùdà. Ẹ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde, ẹ fẹ́ ṣí i. Ẹ máa gbọ́ èsì.

Ká tiẹ̀ fi gírámà sílẹ̀. Àpótí wo là ń wí gan-an? Mo gbà pé ọjọ́ Stéfánù Mímọ́ ni 26 oṣù Kejìlá, mo sì gbà pé wọ́n ń ṣàánú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọjọ́ yìí ṣe ìsinmi lábẹ́ òfin lọ́dún 1871, "box" tó wà nínú "Boxing" yẹn ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìkòkò amọ̀ kékeré ni, wọ́n dá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lórí. Àwọn oníbàárà ọ̀gá wọn á máa ju owó sí i lásìkò Kérésì, tó bá yá wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á pín in. Ní oṣù Kejìlá 1663, Òyìnbó ará Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń jẹ́ Samuel Pepys kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun lọ san gbèsè lọ́dọ̀ oníbàtà òun, òun sì fi nǹkan sínú "box" àwọn ọmọ ibẹ̀ nítorí Kérésì tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tó nihò tẹ́ẹ́rẹ́ lórí, téèyàn ń tọ́jú owó sí, tí wọ́n ń fọ́ tọ́dún bá dé, kí là ń pè é? Kóló ni! (Ẹni tó bá ń pè é ní kólò, kó máa pè é bẹ́ẹ̀ nílé tiẹ̀. Kóló là ń wí ládùúgbò wa.) Káfíńtà ọ̀nà kejì ló fi pákó kan tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a máa ki ọ̀bẹ bọ ihò rẹ̀, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á máa mì ín díẹ̀díẹ̀ títí kọ́bọ̀ mẹ́wàá kan á fi rọra yọ́ jáde. Mo kàn ń rò pé owó mi ò pọ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì ọdún, màmá àgbà á na ọmọ ọlọ sí wa, oníkálukú á fọ́ tiẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá máa ti ojúlé dé ojúlé: "Ẹ kú ọdún o, ọdún wa ńkọ́?" Bàbá mi ní tiwọn á máa purọ́ fún wa pé torí Hogan Bassey ni wọ́n ṣe ń pè é ní Boxing Day, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 1957. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi wọ ilé ìwé girama.

"Ìfọ́kóló" ni mo mú wá. Kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ kóló, fáwẹ́lì kankan ò ní sọnù lójú ọ̀nà. Ẹni tó ní "ọjọ́ kejì Kérésì" ti tó wa ò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ náà la ń wí nílé, àmọ́ ìyẹn ò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku Ẹ̀gbọ́n wa Yábàá, tó já lu ọ̀rọ̀ tó ní Kérésìmesì fúnra rẹ̀ ni ká sọ nù, pé "mesì" ò nítumọ̀, ká máa wí pé "Ìbíkírísítì". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ Yorùbá ní kíláàsì. A kí yín. "Mesì" yẹn, ìsìn mímọ́ tí àwọn ìjọ Àgùdà ń pè ní Mísà ni. Látinú èdè Látìn làwọn méjèèjì ti wá: ọ̀kan gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì dé, ìkejì gba ẹnu àwọn Potogí, wọ́n wá pàdé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣé Mísà náà la máa sọ nù ni? Ẹ sì ṣàlàyé bí "ìbí" yín ṣe lẹ̀ mọ́ "Kírísítì" láìsí ohunkóhun láàárín wọn.

Àǹtí, "à" yín ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ wá gbà á.