Ta ni ó kọ́kọ́ fi bàálù la Òkun Àtìláńtíìkì já?

Ará Yábàá:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ọmọ mi ní Charles Lindbergh ni ó kọ́kọ́ fi bàálù la Òkun Àtìláńtíìkì já ní ọdún 1927, ṣùgbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní àwọn kan ti ṣe é ṣáájú. N kò fẹ́ kí ọmọ náà kọ ohun tí kò tọ̀nà sínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Èwo ni òótọ́?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Bàbá ló jàre. John Alcock àti Arthur Whitten Brown, ará Bìrìtéènì, ni wọ́n kọ́kọ́ là á já láìdúró lọ́nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1919 ni wọ́n gbéra ní Newfoundland, erékùṣù kan tí ó wà ní Canada lónìí, nínú Vickers Vimy, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún jíju bọ́ǹbù lójú ogun, wọ́n sì balẹ̀ nítòsí Clifden ní Ireland lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 16. Àwa tí a mọ bí ọyẹ́ ṣe ń dá bàálù dúró ní Ìkẹjà títí di òní, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: oòrùn àti ìràwọ̀ ni Brown gbọ́dọ̀ rí kí ó tó lè ṣírò ibi tí wọ́n dé lórí òkun, kùrukùru sì bo ojú ọ̀run fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibi tí wọ́n rò láti òkè pé pápá ni, irà ni. Imú bàálù rì sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jáde láìfarapa.

Bàbá Èbúté Mẹ́tta:
Ẹ̀bùn ni ó sọ Lindbergh di olókìkí. Raymond Orteig, onílé ìtura ní New York, ṣe ìlérí 25,000 dọ́là fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fò láìdúró láàárín New York àti Paris, àwọn akọni sì kú lórí rẹ̀. Nungesser àti Coli, awakọ̀ òfuurufú méjì ará Faransé, gbéra ní Paris ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1927, a kò sì rí wọn mọ́. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn èyí ni Lindbergh, ọmọ ọdún 25, dá gbéra ní New York. Wákàtí 33 àti ààbọ̀ ni ó fi wà lófuurufú láìsùn, táǹkì epo sì dí iwájú rẹ̀ débi pé fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń wo ìta. Kí ọmọ kọ ọ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ dá a ṣe; láìsí "dá" yẹn, ìdáhùn náà kò pé.

Ará Yábàá:
Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti tún un kọ. Bàbá mi ní kí a fi orúkọ Nungesser àti Coli náà kún un.