Kí ló yẹ kí n ti ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé?

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ti gbà mí wọlé láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ni mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, ní àwọn oko agbègbè Ìdànrè. Àwọn kan ní kí n ra kọ̀ǹpútà tuntun, àwọn mìíràn ní kí n kọ àbá ìwádìí mi parí kí n tó wọlé. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí, mi ò sì fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì
O kú oríire, ọmọ mi. Kọ̀ǹpútà lè dúró, òjò ni kò ní dúró dè ọ́. Phytophthora megakarya, ẹ̀dá tíntìnní tó wà lára ohun tó ń fa àrùn yìí, inú ọ̀rinrin ló ti ń gbilẹ̀, nítorí náà ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, tí ewé sì bo oko dúdú, ni wàá rí èso tó ń jẹrà dáadáa. Bí òjò bá dá kí o tó mọ oko tí wàá lò, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí o tó rí èso tó ń jẹrà kà, owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní dẹ́kun. Lọ bá àwọn àgbẹ̀ nísinsìnyí (má sì lọ lọ́wọ́ òfo), kí o béèrè ìgbà tí wọ́n fín oògùn kọ́pà tó ń dènà àrùn náà kẹ́yìn, torí oko tí wọ́n fín kò ṣeé kà pọ̀ mọ́ èyí tí wọn kò fín.

Ará Oba-Ilé
Mo gba ti bàbá, àmọ́ alábòójútó, olùkọ́ tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà nínú ìwádìí, ni èmi ì bá fi ṣáájú oko. Ẹ má kọ àbá yín parí kí ẹ tó rí i. Ẹ ka àwọn iṣẹ́ ìwádìí tó ti tẹ̀ jáde, kí ẹ wò ó bóyá àrùn ohun ọ̀gbìn ni tirẹ̀ lóòótọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ẹ bá ti ń kàwé, ẹ máa kó àkọsílẹ̀ àwọn ìwé náà sínú Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tún dé CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, ní Ìdí-Ayunrẹ́, Ìbàdàn: wọ́n ti ń ṣèwádìí kòkó níbẹ̀ láti 1964, kò sì yẹ kí ẹ tún ṣe ohun tí wọ́n ti ṣe tán. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni ẹ ti gboyè másítà, ẹ tètè ní kí wọ́n fi èsì yín ránṣẹ́.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì
Òótọ́ ni, alábòójútó ni kó ṣáájú, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ wáyé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti iṣẹ́ rẹ, má gbẹ́kẹ̀ lé TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, nítorí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn wà fún. Béèrè bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ń kàwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ní ẹ̀ka yẹn. Yóò pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, o lè máa lọ sóko ní Sátidé.