Ta ló ń fi olóyè jẹ láàárín àwọn Haudenosaunee?

Àwẹ̀ró: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn Haudenosaunee tí òyìnbó ń pè ní Iroquois, ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n ní obìnrin ni afọbajẹ wọn. Ṣé ọ̀rọ̀ wọn ló ń ṣẹ lóòótọ́, àbí ojú ayé lásán ni? Tí olóyè bá wá ń ṣe tinú ẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀tún: Ọ̀rọ̀ wọn ló ń ṣẹ. Oyè 50 ló wà nínú ìgbìmọ̀ àpapọ̀, ẹ̀yà márùn-ún nínú wọn ló pín in: Onondaga ní 14, Cayuga 10, Mohawk 9, Oneida 9, Seneca 8. Ìyá àgbà ìdílé ló ni oyè lọ́wọ́. Bí olóyè bá kú, ìyá yìí á pe àwọn obìnrin ìdílé jọ, wọ́n á mú àbúrò olóògbé tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò lè jẹ ẹ́, torí ìdílé ìyá tirẹ̀ lòun wà. (Ibí ló máa ń rú àwa ọmọ Yorùbá lójú.) Àwọn olóyè yòókù lè kọ ẹni tí wọ́n mú wá, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi tiwọn rọ́pò, ìyá náà ni yóò tún wá òmíràn.

Alágbàdo: Ní ti ẹni tó ń ṣe tinú ẹ̀, ìkìlọ̀ mẹ́ta ni àwọn obìnrin ìdílé máa ń fún un. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, balógun á bá wọn lọ. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á gba ìwo àgbọ̀nrín tó wà lára fìlà oyè rẹ̀, ó parí. Apààyàn kò tiẹ̀ dé ibi ìkìlọ̀. Ẹ má gbàgbé oúnjẹ o: obìnrin ló ni oko àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé. Ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan ni jagunjagun ń gbé rìnrìn àjò; bí àwọn ìyá bá dì í mú, ogun ò ní lọ.

Àwẹ̀ró: Ẹ ṣeun. Kí ló wá bà á jẹ́?

Ọmọ Ọ̀tún: Òfin Kánádà ni. Láti 1869 ni obìnrin wọn tó bá fẹ́ òyìnbó ti ń pàdánù ìwé ọmọ onílẹ̀ tí ìjọba ń fún wọn, tòun tàwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tí òyìnbó tó fẹ́ ọkùnrin wọn ń gbà á. Ọmọ obìnrin Mohawk wá ní ìdílé láìní ìwé. Ọmọ òyìnbó obìnrin ní ìwé, kò sì ní ìdílé tó lè fi joyè. 1985 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ní Grand River, ilẹ̀ wọn kan ní Kánádà, ìjọba fi ìgbìmọ̀ olóyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní 1924, wọ́n gbé ti ìbò wọlé, obìnrin kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò náà títí di 1951. Àwọn ìyá ò ṣíwọ́ ní tiwọn. Ìgbìmọ̀ méjèèjì ló wà níbẹ̀ dòní. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan jẹ́ olóyè níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìbò ló gbé e wọlé tàbí ìyá ìdílé.