Báwo ni ẹ ṣe há ìtàn Ìlú Ọba sórí fún ìdánwò Life in the UK?

Ìbéèrè, láti Leicester

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣe ìdánwò Life in the UK, èyí tí àwọn tó fẹ́ di ọmọ Ìlú Ọba tàbí tó fẹ́ gba ìwé ìgbélùú títí láé ń ṣe, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fìdí rẹmi. Ìbéèrè 24 ni wọ́n ń béèrè láàárín ìṣẹ́jú 45, ẹni tí kò bá sì gba 18 yóò tún san £50 mìíràn. Ọ̀rọ̀ òfin àti ìjọba kò yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtàn inú ìwé tí a fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò náà ṣe mí bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú, nítorí gbogbo ọdún rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ mi lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo ni ẹ̀yin gbà?

Ìdáhùn, láti York

Àbúrò wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má há ọdún sórí bí ẹni ń há nọ́ńbà fóònù. Ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ yín lè dé. Leicester tí ẹ ń gbé yẹn gan-an ni ibojì Ọba Richard Kẹta wà. Ojú ogun Bosworth, tí kò jìnnà sí ìlú yín, ni ó kú sí ní ọdún 1485. Henry Tudor tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni ó gorí oyè, ibẹ̀ sì ni ìjọba ìdílé Tudor ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sin òkú ọba náà sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí à ń pè ní Greyfriars, ṣọ́ọ̀ṣì náà wó, ojú ibojì sì pa rẹ́, títí àwọn awalẹ̀pìtàn Yunifásítì Leicester fi hú egungun rẹ̀ jáde lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ní 2012. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ tó wọ́, ojú ọgbẹ́ tó wà ní agbárí rẹ̀, àti àyẹ̀wò DNA tí wọ́n fi wé ti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ni wọ́n fi dá a mọ̀, wọ́n sì tún un sin sínú Kàtídírà Leicester ní 2015. Bí ẹ bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì yẹn, 1485 kò ní í kúrò lórí yín mọ́.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, àwọn ará Róòmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Julius Caesar wá ní ọdún 55 ṣáájú ìbí Kírísítì, kò dúró. Ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Kírísítì ni Késárì Claudius rán àwọn tó wá gba ilẹ̀ náà. Ní 122 ni Késárì Hadrian ní kí wọ́n mọ odi rẹ̀ sí àríwá. Nígbà tó sì di 410, wọ́n ti kó ogun wọn lọ. Inú ìlú York yìí ni Késárì Septimius Severus kú sí ní 211, ọmọ Leptis Magna sì ni, ní ilẹ̀ Líbíyà òde òní. Ní ọ̀rúndún kẹta, àwọn ọmọ ogun láti Àríwá Áfíríkà wà ní Burgh by Sands, tí wọ́n ń ṣọ́ odi Hadrian. Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé òtútù yìí ti gbọ̀n àwọn ará Áfíríkà jìgìjìgì kí tèmi tó dé ni ìwé náà yí padà lójú mi.

Ìdáhùn, láti London

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó kún un. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ British Museum, ibẹ̀ sì ni ẹrù inú ibojì àtijọ́ ti Sutton Hoo wà. Ní 1939, Basil Brown, tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn, wa òkìtì kan ní Sutton Hoo yìí, ní Suffolk, lórí ilẹ̀ Ìyáàfin Edith Pretty, ó sì bá ojú ọkọ̀ ojú omi kan tí gígùn rẹ̀ tó mítà 27. Pákó ọkọ̀ náà ti jẹrà tán. Àmì rẹ̀ nínú iyanrìn àti àwọn ìṣó irin ni ó kù, pẹ̀lú wúrà àti àṣíborí ogun tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí.

Ọ̀nà tí mo fi rántí ọdún náà rèé: ní 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá àwọn orí idẹ wa pàdé nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà yẹn, bó tilẹ̀ ń dùn mí pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Tiwa ní 1938, tiwọn ní 1939.

Ẹ ṣọ́ra fún Big Ben pẹ̀lú. Agogo ńlá inú ilé ìṣọ́ gíga tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Elizabeth Tower ni orúkọ ilé ìṣọ́ fúnra rẹ̀ láti 2012. Nínú èdè wa, èyí tí à ń lù àti èyí tó ń sọ àkókò, agogo ni méjèèjì, ó sì rọrùn kí ó rú wa lójú.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo dúpẹ́, àǹtí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kàtídírà yẹn lọ síbi iṣẹ́! Ìgbà wo ni mo tún lè jókòó ṣe ìdánwò náà?

Ìdáhùn, láti York

Ẹ dúró fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Kí orúkọ tí ẹ bá fi sílẹ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù yín mu délẹ̀délẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní í jẹ́ kí ẹ wọlé.